Bí dáyódù kan ṣoṣo ṣe ń yọ ohùn jáde nínú síginà AM, àti bí ẹ ṣe lè to tiyín

Rédíò kan wà tí ò lo bátìrì, tí ò lo iná, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ju áńtẹ́nà, wáyà ilẹ̀, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé yí páìpù), kapásítọ̀ kan tó ṣeé yí (ohun tó ń kó iná jọ), dáyódù kan (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan kọjá), rẹsístọ̀ kan (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) àti íàpíìsì (èyí tá à ń ki bọ etí) lọ, ó sì ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Agbára tó ń mi íàpíìsì yẹn, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń bọ̀, inú afẹ́fẹ́ ló gbà wọ inú wáyà yín. Mo fẹ́ràn nǹkan yìí gan-an, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ka èyí tán lè to ó fúnra ẹ̀, kó sì mọ ìdí tí gbogbo nǹkan inú ẹ̀ fi wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ni pé wọ́n á kàn ní "dáyódù á gé ìdajì ìgbì dànù, ohùn á sì jáde", ó parí. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Dáyódù ń ṣe tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kapásítọ̀ àti rẹsístọ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú irú íàpíìsì tẹ́ ẹ so mọ́ ọn, àwọn gan-an ló máa sọ bóyá ọ̀rọ̀ á dún ketekete àbí á máa há, àbí ẹ ò tiẹ̀ ní gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tó wà nínú síginà AM

Ilé iṣẹ́ rédíò tó ń lo AM, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi gíga ìgbì gbé ohùn, máa ń rán ìgbì kan jáde tó ń lọ sókè sódò láìdúró, kárìà ni wọ́n ń pè é. Lórí medium wave, ìyẹn ọ̀wọ́ ìgbì tá a máa lò níbí, kárìà yìí máa ń wà láàárín nǹkan bíi 530 kHz sí 1,600 kHz, ti Amẹ́ríkà ń lọ dé 1,700 kHz. Ẹ jẹ́ ká mú 1,000 kHz, ìyẹn ni pé ìgbì yẹn ń lọ sókè sódò nígbà mílíọ̀nù kan láàárín sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Ohùn èèyàn ò yára tó bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ fi 5 kHz sọ́kàn pé òun ló ga jù tá a nílò, ìyẹn ìgbà 5,000 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ọ̀rọ̀ á yé èèyàn dáadáa níbẹ̀.

Nígbà tí ẹni tó wà nídìí máíìkì bá ń sọ̀rọ̀, kárìà ò yára sí i, kò sì falẹ̀, gíga ẹ̀ ló ń yí padà. Ohùn bá lọ sókè, ìgbì á ga, ohùn bá wálẹ̀, ìgbì á kúrú. Tẹ́ ẹ bá wá fi bírò fa ìlà kan tó kan orí gbogbo ìgbì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà tẹ́ ẹ fà yẹn ni ohùn tá à ń wá. Ìlà orí ni màá máa pè é títí dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé: ìgbì yẹn ní orí, ó sì ní ìdí. Bí ìlà orí ṣe ń lọ sókè ni ìlà ìdí ń lọ sísàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, iye kan náà. Tẹ́ ẹ bá ro tòkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀, òdo ló máa fún yín, ní gbogbo ìgbà, bóyá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń pariwo ni o àbí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́. Awọ inú íàpíìsì ò lè mì nígbà mílíọ̀nù kan ní sẹ́kọ́ńdì, àròpọ̀ yẹn nìkan ló lè tẹ̀ lé, òdo sì ni àròpọ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá so íàpíìsì mọ́ kọ́ìlì tààrà láìsí dáyódù, kò ní dún, bẹ́ẹ̀ síginà wà níbẹ̀ o, ó kún ibẹ̀ dẹ́nu.

Dáyódù máa ń jẹ́ kí iná gba apá kan kọjá, kì í jẹ́ kó gba ibẹ̀ padà. Tó bá ti dí apá ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, apá òkè nìkan ló kù, àròpọ̀ ò lè jẹ́ òdo mọ́, bí ìlà orí bá ṣe ń lọ náà ni àròpọ̀ ń lọ, íàpíìsì á wá rí nǹkan tẹ̀ lé. Apá tó dí ò sì ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá yí dáyódù padà, apá ìsàlẹ̀ ló máa kù, ohùn kan náà ló wà níbẹ̀, etí ò lè mọ ìyàtọ̀. Mo ń sọ èyí torí mo ti rí àwọn tó ń fi odidi ọ̀sán ronú pé ojú wo ni kí dáyódù kọ sí, ẹ má da ara yín láàmú, ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

FM kò bá èyí lọ, torí gíga ìgbì FM ò yí padà, iye ìgbà tó ń lọ sókè sódò ló ń yí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kó nǹkan jọ

Wáyà kọ́pà tí wọ́n fi fáníìṣì bò, èyí tó nípọn tó 0.5 mm, nǹkan bíi mítà 13. Páìpù rọ́bà tàbí páálí tó le tí ìbú ẹnu ẹ̀ jẹ́ 7.5 cm. Gáǹgì, ìyẹn kapásítọ̀ tó ṣeé yí, tó ń dé 365 pF (pF ni wọ́n fi ń wọn kapásítọ̀). Dáyódù kan tí wọ́n fi germanium ṣe, 1N34A tàbí 1N60 tàbí OA91, èyíkéyìí tọ́wọ́ bá bà nínú wọn. Rẹsístọ̀ 47 kΩ (kΩ kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún ohm), kapásítọ̀ 470 pF, ẹ tún wá 100 pF kan mọ́ ọn, ó máa wúlò tó bá yá. Íàpíìsì kírísítà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin lórí fóònù o, ìdí ẹ̀ ń bọ̀. Wáyà lásán fún áńtẹ́nà, mítà 10 sí 20, pẹ̀lú wáyà míì tó máa lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní àwọn wáyà tó ní klíìpù lẹ́nu, ẹ kó wọn wá, torí a máa tú nǹkan, a máa tún un so, léraléra ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wé kọ́ìlì

Ẹ lu ihò kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan páìpù yẹn, ẹ ki ẹnu wáyà bọ ibẹ̀ kó má bàa tú, kẹ́ ẹ wá máa wé e, kí ìlà kan fara kan èkejì, kó má gun ara ẹ̀. Ìwé 50 ló tó, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ wé wáyà náà yí páìpù po nígbà 50. Pẹ̀lú wáyà 0.5 mm lórí páìpù 7.5 cm, ìwé 50 máa fún yín ní nǹkan bíi 230 µH (òun ni wọ́n fi ń wọn kọ́ìlì), tí gáǹgì 365 pF bá sì wà lára ẹ̀, ẹ máa lè yí i láti nǹkan bíi 550 kHz lọ dé òkè medium wave.

Bẹ́ ẹ ṣe ń wé e, ní gbogbo ìwé 10, ẹ lọ́ wáyà yẹn po díẹ̀ kó yọ bíi etí kékeré síta, kẹ́ ẹ tó máa wé e lọ. Táàpù la máa ń pe ìyẹn. Ẹ má fo ibí yìí o, nítorí orí táàpù ni gbogbo adùn rédíò yìí wà. Tẹ́ ẹ bá wé e tán, ẹ fi sáńpépà ha fáníìṣì orí àwọn etí yẹn kúrò dáadáa títí kọ́pà á fi máa dán yìndìn. Fáníìṣì yẹn ò hàn sójú, kọ́pà tí wọ́n fi í bò máa ń dà bíi ká ti ha á tán, bẹ́ẹ̀ iná ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó lórí ohm láti ẹnu kan dé èkejì, ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo.

Ẹ so gáǹgì mọ́ ẹnu kọ́ìlì méjèèjì, kí ẹnu ìsàlẹ̀ kọ́ìlì jẹ́ ibi tí wáyà ilẹ̀ máa so mọ́. Kọ́ìlì àti gáǹgì yìí ló ń yan ilé iṣẹ́ kan láàárín gbogbo àwọn tó wà lójú òfuurufú, dáyódù ò mọ ìyàtọ̀ kankan, gbogbo ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló máa yọ ohùn ẹ̀ jáde.

Ìgbésẹ̀ 3: Áńtẹ́nà àti ilẹ̀

Wáyà gígùn, gíga, kó má fara kan nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: kò gbọ́dọ̀ gba òkè wáyà iná kọjá, kò gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn débi pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ ẹ já, ó lè bọ́ lé e. Wáyà tí wọ́n jù sókè tó wá há sórí wáyà iná ti pa èèyàn rí. Tí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ ti tú áńtẹ́nà kúrò lára rédíò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ mú ẹnu ẹ̀ lọ síta.

Fún ilẹ̀, irin tẹ́ ẹ rì mọ́ ilẹ̀ tó tutù dára, páìpù omi onírin tó wọlẹ̀ lọ náà dára. Ẹ má ṣe fi ihò sókẹ́ẹ̀tì ara ògiri ṣe ilẹ̀ láéláé. Tẹ́ ẹ bá so áńtẹ́nà láìsí ilẹ̀, rédíò yìí ò ní níláárí, torí iná tó gba áńtẹ́nà wọlé gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde kó tó lè ṣàn nínú kọ́ìlì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan dáyódù tó yẹ

Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé dáyódù germanium máa ń ṣí ní 0.2 sí 0.3 volt, ti silicon bíi 1N4148 máa ń ṣí ní 0.6 sí 0.7 volt, pé ìdí nìyẹn tí germanium fi dáa jù. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé kò pé. Síginà tó ń wá láti inú áńtẹ́nà lásán lè máà ju mílífóòtì mélòó kan lọ, ìyẹn ò tó 0.2 volt rárá, síbẹ̀ germanium ń gbọ́ ọ. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kò sí ilẹ̀kùn kan nínú dáyódù tó ń ṣí gbàgà tí volt bá pé. Ṣe ló ń rọra ṣí, ọ̀nà ẹ̀ tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ, iná tó ń gba ọ̀nà tó rọrùn sì máa ń fi díẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń gba ọ̀nà tó le lọ, bó ti wù kí síginà kéré tó. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ni ohùn. Bí síginà bá wá kéré, ohùn tó máa jáde máa ń kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: tẹ́ ẹ bá dín volt síginà kù sí ìdajì, ohùn á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí áńtẹ́nà tó fi díẹ̀ gùn sí i fi ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá.

Ohun tó wá ya germanium sọ́tọ̀ ni bó ṣe le tó fún iná láti gba inú ẹ̀ kọjá nígbà tí síginà kéré gan-an. 1N34A máa ń wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ohm mélòó kan, ìyẹn sì bá kọ́ìlì àti íàpíìsì wa mu. 1N4148 ń lọ sí mílíọ̀nù ohm, mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, síginà kékeré ò lè rí inú ẹ̀ kọjá débi tí íàpíìsì á fi gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan wà nítòsí yín, 1N4148 máa dún o, ó máa kàn há díẹ̀ ni, torí gbogbo ibi tí ohùn ti rẹlẹ̀ ló ń gé sọnù.

Schottky náà wà, irú dáyódù míì nìyẹn. BAT46 ń ṣe dáadáa. Èyí tó jẹ́ 1N5817 tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń pín iná, ẹ má mú ìyẹn, Schottky lòun náà àmọ́ kapásítọ̀ tó fara pamọ́ sínú ẹ̀ ju 100 pF lọ, ìgbì á kàn gba inú kapásítọ̀ yẹn lọ, á gba ibẹ̀ padà, bíi pé dáyódù ò sí níbẹ̀. Dáyódù kékeré olójú dígí ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ẹ fi mítà dán an wò lórí àmì dáyódù. Germanium máa ń fi nǹkan bíi 0.2 sí 0.35 hàn, tó bá fi 0.6 hàn, silicon ni wọ́n tà fún yín, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi léèdì jó o pọ̀, ẹ fi pílíásì kékeré di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú láàárín ibi tó ń gbóná àti ara dígí yẹn, kí pílíásì fa ooru náà, torí germanium ò fẹ́ràn ooru rárá. Klíìpù ni mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò.

Nǹkan tó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ gan-an. Lọ́dún 1874 ni Ferdinand Braun ní Jámánì ti rí i pé àwọn òkúta kan ń jẹ́ kí iná gba apá kan kọjá ju apá kejì lọ, rédíò ò tíì sí nígbà yẹn. Jagadish Chandra Bose ti Íńdíà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí òkúta galena lọ́dún 1904, Greenleaf Pickard ní Amẹ́ríkà gba tiẹ̀ lórí silicon lọ́dún 1906. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun tó wà ní Anzio ní Ítálì lọ́dún 1944 ò ní dáyódù kankan, abẹ bíléèdì àti pẹ́ńsù ni wọ́n lò, ẹnu pẹ́ńsù tó rọra kan bíléèdì, wọ́n á máa wá ibi tó ti dún lórí ẹ̀ títí wọ́n á fi rí i. Wọ́n sì gbọ́ rédíò.

Ìgbésẹ̀ 5: Kapásítọ̀ àti rẹsístọ̀, ibi tí ohùn ti ń jáde gan-an

Ẹ so ẹnu kan dáyódù mọ́ kọ́ìlì. Ẹnu kejì ẹ̀, ẹ so rẹsístọ̀ 47 kΩ àti kapásítọ̀ 470 pF mọ́ ọn, kí àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnu wọn kejì lọ sílẹ̀. Ibi tí dáyódù, rẹsístọ̀ àti kapásítọ̀ ti pàdé yẹn ni ohùn wà.

Ẹ wo garawa kan tí ihò wà nídìí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí orí ìgbì bá dé, dáyódù á bu omi sínú garawa náà dé ibi tí orí ìgbì yẹn ga dé, kò sì ní jẹ́ kó padà gba ọ̀dọ̀ òun. Kapásítọ̀ ni garawa, rẹsístọ̀ ni ihò. Láàárín orí ìgbì kan sí èkejì, omi ń jò díẹ̀, èyí tó ń bọ̀ á tún bu kún un. Bí orí ìgbì bá ń ga sí i, omi ń ga sí i, bí wọ́n bá ń kúrú, omi ń gba ihò jò lọ sílẹ̀. Omi yẹn wá ń tẹ̀ lé ìlà orí.

Bí ihò ṣe fẹ̀ tó ni gbogbo ọ̀rọ̀. Tó bá fẹ̀ jù, omi á ti jò tán kí orí ìgbì míì tó dé, kárìà á ṣì kún inú ohùn yín fọ́fọ́, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ á sì rẹlẹ̀. Tó bá kéré jù, garawa á kún dáadáa, àmọ́ nígbà tí ohùn bá já wálẹ̀ lójijì, omi ò ní lè jò tètè bá a, á máa rọra wálẹ̀ lórí ìlà gbọọrọ kan nígbà tí ìlà orí ti lọ sísàlẹ̀ tipẹ́. Bó ṣe ń há nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí síginà ṣe rí sójú ẹ̀, ẹ máa fojú ara yín rí i: ibi tó yẹ kó jẹ́ àfonífojì roboto, ìlà á gba ibẹ̀ kọjá ní dágẹ́rẹ́ gbọọrọ bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Ohùn tó tinrín, bíi "s" àti "ṣ", ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára wọn.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Ẹ mú iye rẹsístọ̀ lọ́nà iye kapásítọ̀, àkókò ló máa fún yín. 47 kΩ lọ́nà 470 pF jẹ́ nǹkan bíi 22 µs (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì). 10 kΩ lọ́nà 2.2 nF (nF kan jẹ́ 1,000 pF), 22 µs náà ni. Kárìà 1,000 kHz ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní 1 µs, ohùn 5 kHz ń yí po lẹ́ẹ̀kan ní 200 µs, 22 wà láàárín méjèèjì, ó jìnnà sí 1 dáadáa, kò sì ní falẹ̀ fún ohùn. Kí ló dé tí mi ò fi mú 100 µs tó ṣì kéré sí 200? Nítorí bí ohùn bá ṣe ń mi kárìà jinlẹ̀ tó ni garawa ṣe gbọ́dọ̀ tètè máa jò tó. Tí ohùn 5 kHz bá mi kárìà dé 50%, àkókò yẹn lè tó 55 µs. Tó bá mì í dé 80%, kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 24 µs lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò sì máa ń mì í jinlẹ̀ gan-an torí wọ́n fẹ́ kí ohùn wọn ròkè. 22 µs ló bọ́ sí i.

Èwo ni ká wá mú, 47 kΩ àbí 10 kΩ? Nínú rédíò tí ò ní bátìrì, 47 kΩ, torí rẹsístọ̀ tó bá kéré máa fa agbára kúrò lára kọ́ìlì, ohùn á lọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ méjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún papọ̀. 10 kΩ dáa níbi tí ẹ̀rọ kan ti gbé síginà ga ṣáájú dáyódù, bó ṣe máa ń wà nínú rédíò onítransístọ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Íàpíìsì

Íàpíìsì kírísítà ló bá iṣẹ́ yìí mu jù, torí kì í fa iná púpọ̀. Ẹ mọ nǹkan méjì nípa ẹ̀. Àkọ́kọ́, kapásítọ̀ lòun náà fúnra ẹ̀, ó lè tó 10 nF, ìyẹn pọ̀ ju 470 pF tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ lọ fíìfíì. Torí náà tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ ọn, ẹ yọ 470 pF kúrò, kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ń dún tí ò mọ́lẹ̀, ẹ fi 22 kΩ dípò 47 kΩ, kẹ́ ẹ gbọ́ èyí tó dáa jù létí yín.

Ìkejì, iná tààrà, ìyẹn iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Tẹ́ ẹ bá yọ rẹsístọ̀, garawa ò ní ihò mọ́, á kún dẹ́nu, dáyódù ò ní rí ibi bu omi sí, rédíò á dákẹ́ tàbí kó máa há. Àwọn kan máa ń ní tàwọn ń ṣiṣẹ́ láìsí rẹsístọ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, germanium máa ń jò díẹ̀ padà sẹ́yìn, ìyẹn ló ń ṣe ihò fún wọn. Tí wọ́n bá fi dáyódù tí kì í jò rọ́pò ẹ̀, á dákẹ́. Ẹ fi rẹsístọ̀ yín síbẹ̀ jàre.

Àwọn íàpíìsì ńlá àtijọ́ tó ní 2,000 ohm dára gan-an pẹ̀lú, iná tààrà ń gba inú tiwọn, wọn ò nílò rẹsístọ̀, kapásítọ̀ 1 nF lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti tó. Èyí tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ orin tó ní 32 ohm, tẹ́ ẹ bá so ó tààrà, ó máa fa kọ́ìlì lulẹ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi tẹ́ ẹ bá fi tiransifọ́mà kékeré ti ohùn sáàárín wọn, kí apá tó ní ohm púpọ̀ wà lọ́dọ̀ dáyódù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ so ó pọ̀, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti dùn jù

Ẹ fi klíìpù so áńtẹ́nà mọ́ táàpù àárín, ilẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, dáyódù mọ́ orí kọ́ìlì. Ẹ ki íàpíìsì bọ etí, ẹ wá ibi tó dákẹ́ jókòó sí, kẹ́ ẹ rọra yí gáǹgì. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló máa kọ́kọ́ dún, ẹ má retí ariwo. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "tá" kékeré nígbà tẹ́ ẹ fi dáyódù kan kọ́ìlì tẹ́ ẹ sì tún yọ ọ́, ó túmọ̀ sí pé iná ń dé íàpíìsì, ọ̀nà ti là.

Tí ohùn bá ti dé, ẹ sún dáyódù wá sí táàpù tó tẹ̀ lé ti orí, kẹ́ ẹ tún yí gáǹgì díẹ̀. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé ohùn lè pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ volt tó wà níbẹ̀ kéré sí tòkè. Ẹrù tí dáyódù ń dì lé kọ́ìlì ló fúyẹ́, kọ́ìlì á wá lè kó agbára jọ sí i, á sì yan ilé iṣẹ́ kan dáadáa. Ẹ ṣe áńtẹ́nà náà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sókè, ẹ gbé e wá sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó síbi kan sọ fún yín pé táàpù báyìí ni, áńtẹ́nà yín àti ilẹ̀ yín ló máa sọ ọ́. Tó bá di alẹ́, ẹ tún gbìyànjú ẹ̀, medium wave máa ń rìn jìnnà lóru.

Tí silicon nìkan lẹ bá ní

Ọ̀nà wà. Ẹ wá bátìrì 1.5 volt kan àti fọ́líùmù 47 kΩ, ìyẹn rẹsístọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣeé yí. Ẹ so ẹnu méjèèjì fọ́líùmù mọ́ bátìrì, kí apá pọ́sítíìfù bátìrì lọ sílẹ̀. Ẹ wá tú ìdí rẹsístọ̀ 47 kΩ kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ àárín fọ́líùmù, kí kapásítọ̀ 100 nF kan ti ẹsẹ̀ àárín yẹn lọ sílẹ̀. Níbí yìí nìkan ni ojú tí dáyódù kọ sí ti ṣe pàtàkì: ẹ̀gbẹ́ tó ní ìlà lára ẹ̀ ni kó kọjú sí rẹsístọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ẹ rọra yí fọ́líùmù, ẹ máa gbọ́ bí ohùn ṣe ń jáde bọ̀, títí tó máa fi dé ibì kan tó pọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá kọjá ibẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Iná tó ń gba inú dáyódù níbi tó dáa jù yẹn ò ju nǹkan bíi 1 µA lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ampere. Ìwọ̀nba iná yẹn ló ń gbé 1N4148 wá síbi tí germanium wà láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà á wá wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá ohm mélòó kan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dún lórí sípíkà

Ẹ fi ámpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga, síbi tí íàpíìsì wà, ẹ dá 470 pF padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí kapásítọ̀ 100 nF wà láàárín dáyódù àti ámpilifáyà. Yàtọ̀ sí ohùn, iná tààrà kan tún wà nídìí rẹsístọ̀ yẹn tó ń sọ bí kárìà ṣe lágbára tó, ámpilifáyà ò nílò ẹ̀. Àwọn rédíò ńlá ò jẹ́ kó ṣòfò, òun ni wọ́n fi ń dín ohùn kù fúnra wọn tí ilé iṣẹ́ kan bá lágbára jù.

Ẹnu ọ̀nà ámpilifáyà gbọ́dọ̀ ní ohm tó pọ̀ ju rẹsístọ̀ yín lọ dáadáa, ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ 10 kΩ lẹ so mọ́ 47 kΩ, ohùn á máa rí ọ̀nà tó rọrùn ju ti iná tààrà lọ, ibi tí kárìà bá ti kúrú gan-an á gé sọnù, ẹ máa rò pé dáyódù ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Tí ò bá ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ

Tó bá dákẹ́ pátápátá, fáníìṣì orí táàpù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ilẹ̀, lẹ́yìn náà íàpíìsì. Kírísítà inú íàpíìsì máa ń bàjẹ́ tí ooru bá mú un jù tàbí tó bá jábọ́, ẹ fi ẹnu wáyà ẹ̀ kan bátìrì 1.5 volt fẹ́ẹ́, tí kò bá dún "tá", òun nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà lẹ ń gbọ́ níbi gbogbo lójú gáǹgì, ilé iṣẹ́ tó wà nítòsí ló bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi kapásítọ̀ 100 pF tẹ́ ẹ ti fi pamọ́ yẹn sáàárín áńtẹ́nà àti kọ́ìlì, ẹ sọ dáyódù kalẹ̀ sí táàpù míì nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tún gáǹgì yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn á fi díẹ̀ rẹlẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ kejì máa yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.